Bí a ṣe ń rán gáùnù Florence ti nǹkan bí ọdún 1560 nílé

Gáùnù àkọ́kọ́ tí mo rán bíi ti àwọn obìnrin Ítálì ayé àtijọ́, síìpù ni mo fi sí i lẹ́yìn. Mo fi dáàtì mẹ́rin, ìyẹn ìkápọ̀ tó ń mú aṣọ bá ara mu, sí iwájú rẹ̀, mo lẹ sítéè, aṣọ tó ń mú aṣọ mìíràn le, mọ́ ọn nínú, mo sì sún síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jọ bí a ṣe ń sún ti ọmọdé. Ọmọ tó wọ̀ ọ́ lórí ìtàgé wá dà bí ìyàwó tó ń lọ ya fọ́tò ìgbéyàwó. Aṣọ náà kò burú, àmọ́ kò jọ ohun tí a ní a fẹ́ ṣe rárá. Ìgbà tí mo tú u palẹ̀ ni mo tó rí ibi tí mo ti ṣì í. Ojú aṣọ ni mo gbájú mọ́, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Renaissance ni wọ́n ń pe sáà yẹn nínú ìtàn Yúróòpù, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí gbòòrò jù fún abẹ́rẹ́. Aṣọ Venice ní 1500 kò jọ ti London ní 1590, ẹni tó bá sì kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sára gáùnù kan, aṣọ eégún ló máa rán. Ẹ mú ìlú kan, ẹ mú ọdún kan. Florence ní Ítálì, ní nǹkan bí 1560, ni mo mú, nítorí pé a lè wọ gáùnù ibẹ̀ láìfi agbọ̀n tó ń mú síkẹ́ẹ̀tì fẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, àti nítorí pé ọ̀kan nínú wọn ṣì wà láyé títí dòní.

Ti Eleonora di Toledo ni. Wọ́n bí i ní Sípéènì ní 1522, ó sì fẹ́ Cosimo de' Medici, Dúúkù Florence, ní 1539. Agnolo Bronzino ya àwòrán òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Giovanni, ní nǹkan bí 1545. Àwòrán náà wà ní Uffizi, ilé àwòrán kan ní Florence. Bùròkéèdì funfun ló wọ̀ nínú rẹ̀, ọnà dúdú àti wúrà kún un, èso pomegranate ńlá kan sì dúró sí àárín àyà rẹ̀. Ibà ló pa á ní Pisa ní oṣù Kejìlá 1562. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé gáùnù inú àwòrán yẹn ni wọ́n fi sin ín. Irọ́ ni. Nígbà tí wọ́n tún àwọn àkísà tó jáde látinú ibojì rẹ̀ ṣe, sátíìnì ni wọ́n bá, tí wọ́n fi ọ̀já àrán oníṣẹ́ ọnà gbá, ẹ̀wù àyà alárán pupa kan sì wà lábẹ́ rẹ̀. Palazzo Pitti ní Florence ni wọ́n kó wọn sí. Ẹ wo àwòrán Bronzino dáadáa kí ẹ tó mú síṣọ́ọ̀sì: ẹ wo bí àyà ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ọrùn ṣe gé ní onígun mẹ́rin, àti bí aṣọ funfun ṣe ń yọ jáde láàárín apá.

Ohun kan ṣì wà tó máa jẹ́ kí gbogbo ìgbésẹ̀ tó ń bọ̀ yé yín. Aṣọ ló wọ́n láyé ìgbà náà, owó iṣẹ́ kò wọ́n. Braccio, òṣùwọ̀n Florence, jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 58, ìyẹn ínṣì 23, fífẹ̀ ṣẹ́dà sì sábà máa ń wà ní sàkáání yẹn. Ẹni tó ti rí bí wọ́n ṣe ń rán ọ̀já aṣọ òkè mọ́ra wọn kí ó tó di ìró kò ní bi mí ìdí tí síkẹ́ẹ̀tì fi ní ìránpọ̀ púpọ̀. Wọn kì í gé aṣọ ní ìgékúgèé. Ègé tó bá ṣẹ́ kù níhìn-ín, ọ̀hún ni wọ́n máa fi dí.

Ohun tí ẹ máa rà

Ẹni tí àyà rẹ̀ jẹ́ 38, tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ 30, tí láti ìbàdí rẹ̀ dé ilẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 42 ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ fi ti yín rọ́pò rẹ̀.

Aṣọ ojú yáàdì 6, tó fẹ̀ ní ínṣì 45. Ẹ lọ Gbági bí ẹ bá wà ní Ìbàdàn, Balógun bí ẹ bá wà ní Èkó, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí oníṣọ̀ọ̀bù ta sátíìnì tó ń kọ mànà bíi dígí fún yín. Iná ìtàgé máa bà á lé, fọ́tò sì máa tú u fó. Ẹ wá èyí tó wúwo, tí dídán rẹ̀ sì jẹ́ tútù. Ẹ fún etí rẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ kà á dé 10, ẹ tú u sílẹ̀. Bí ó bá rún jọ bíi bébà, ẹ fi í sílẹ̀ fún oníṣọ̀ọ̀bù. Aṣọ kọ́tìnì fèrèsé tó ní ọnà ńlá dára ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní aṣọ òde lọ. Nínú òkìrìkà ni mo ti rí èyí tó dára jù tí mo rán rí.

Àrán yáàdì kan, fún ọ̀já. Aṣọ ọ̀gbọ̀ tàbí aṣọ òwú funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yáàdì mẹ́ta àbọ̀, fún ṣìmí. Aṣọ òwú tó le, yáàdì méjì, fún láínìn òkè gáùnù àti fún ìdánwò, ìyẹn èyí tí a kọ́kọ́ ń rán wò lára kí a tó gé aṣọ ojú. Kánfáàsì tí àwọn tó ń rán kóòtù ń lò, yáàdì kan. Ẹ má fi sítéè alágọ́ọ̀mù rọ́pò rẹ̀ o. Agọ́ọ̀mù máa ń ṣí bí òógùn bá ti mu ún, aṣọ á sì máa wú bí àkàrà. Lẹ́yìn náà, òwú tó nípọn, ẹyọ ìda kan láti fi ra òwú kí ó má bàa máa lọ́, okùn bàtà gígùn méjì, rííbọ̀nù yáàdì 6, àti ìlu, irú èyí tí àwọn aránbàtà fi ń dá awọ lu.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ṣìmí

Camicia ni wọ́n ń pè é ní Florence. Àwa ń pè é ní ṣìmí, ọmọ ìyá kan náà sì ni orúkọ méjèèjì. Òun ló ń gba òógùn kí gáùnù má bàa gbà á. Gáùnù kò ṣeé fọ̀, ṣìmí ṣeé fọ̀, nítorí náà ẹ má fò ó.

Kò ní pátánì. Ègé onígun mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Ẹ gé ara méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ínṣì 30, ó gùn ní 45. Ẹ gé apá méjì, fífẹ̀ 20, gígùn 30. Nínú ọ̀já tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ẹ gé onígun mẹ́rin méjì tó jẹ́ ínṣì 5 sí 5 fún abẹ́ abíyá, ẹ sì gé ọ̀já ọrùn àti ti ọrùn ọwọ́.

Ẹ rán ẹ̀gbẹ́ apá mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara láti òkè wá sí ínṣì 8. Níbi tí ìránpọ̀ yẹn parí sí, ẹ fi ègé abíyá há àárín, igun rẹ̀ kan kọjú sí òkè. Láti igun kejì, ẹ pa apá dé ọrùn ọwọ́, ẹ sì pa ẹ̀gbẹ́ ara dé ìsàlẹ̀. Nísinsìnyí ẹ ti ní òbìrí ńlá kan lókè tó tó nǹkan bí ínṣì 95. Ẹ sún gbogbo rẹ̀ jọ mọ́ ọ̀já ọrùn. Láti mọ gígùn ọ̀já náà, ẹ yí téèpù ká ibi tí ọrùn gáùnù máa gbà, kọjá lórí èjìká. Ó sábà máa ń wà láàárín 34 sí 38. Ẹ ká gbogbo etí ìránpọ̀ wọnú kí ó má bàa tú. Mo gbà kí ẹ fi máṣíìnì ṣe gbogbo èyí, ẹnikẹ́ni kò ní rí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: pátánì òkè gáùnù

Ẹ gbàgbé dáàtì. Ẹ gbàgbé ìránpọ̀ tó ń gba orí ọmú sọ̀ kalẹ̀. Iwájú gáùnù yìí jẹ́ ègé kan ṣoṣo tó tẹ́. Ọmú kò ní yọ bí ọsàn méjì bíi ti kọ́sẹ́ẹ̀tì tí a ń rán fún aṣọ ẹbí báyìí. Ó máa gòkè díẹ̀, á sì tẹ́ sínú aṣọ. Ibí yìí ni àwọn tó mọ iṣẹ́ télọ̀ dáadáa ti máa ń jìyà jù, torí pé ọwọ́ wọn ti mọ́ dáàtì. Aládùúgbò mi kan tí kò rán ju bùbá rí láyé rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i ṣe lójú mi.

Kí ẹni tó máa wọ̀ ọ́ bọ́ kọ́mú, nítorí òkè gáùnù yìí gan-an ló máa ṣe iṣẹ́ kọ́mú. Kí ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tó mọ́ ara, kí ó sì sùn sílẹ̀, kí ó kọ ojú sókè. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gbọọrọ kan sí àárín ègé aṣọ òwú tó le, ní ìlà òwú, ẹ tẹ́ ìlà yẹn sí àárín àyà rẹ̀, kí ẹ sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra aṣọ náà láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, lọ́tùn-ún lósì. Ẹ fi pínnì mú un mọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì. Ìdí tí a fi ní kí ó sùn ni pé ọmú ti lọ sí ipò tí gáùnù máa gbé e sí. Tí ó bá dúró, ẹ máa wá fi ọwọ́ wá ohun tí ilẹ̀ ti ṣe fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ sàmì sí ìbàdí, kí ẹ sì jẹ́ kí àárín iwájú sọ̀ kalẹ̀ sí i ní ínṣì kan àbọ̀ kí ó lè mú ṣóńṣó díẹ̀. Ẹ sàmì sí ọrùn, onígun mẹ́rin tó fẹ̀ títí dé etí èjìká. Lẹ́yìn náà kí ó dìde, kí ẹ ṣe ẹ̀yìn.

Ìlà ibi tí okùn máa gbà kò sí ní ẹ̀gbẹ́ gan-an o, kò sì sí ní àárín ẹ̀yìn. Ó wà lẹ́yìn ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ní ti ẹni wa tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ 30, iwájú máa gba ínṣì 20, ẹ̀yìn á gba 10. Èrè méjì ló wà níbẹ̀: ìránpọ̀ kò hàn láti iwájú, bí ẹni náà bá sì sanra tàbí ó rù, okùn méjèèjì ni a ó kàn tú tàbí fún. Ẹ gé ìdajì ínṣì kúrò ní etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí okùn máa gbà, kí àlàfo lè wà tí okùn máa fún mọ́ra. Gáùnù tí etí rẹ̀ pàdé wẹ́kú lọ́jọ́ tí ẹ rán an máa tú bí ó bá di oṣù tó ń bọ̀.

Ọ̀já èjìká fẹ̀ ní ínṣì kan àbọ̀, ẹ gé e mọ́ ẹ̀yìn, kí ó wá pàdé igun ọrùn níwájú. Òun ni ẹ máa wọ̀n gbẹ̀yìn pátápátá. Ẹ so ìdánwò náà mọ́ ara, kí ẹni náà jókòó, kí ó na ọwọ́ mú nǹkan lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí aṣọ bá ká jọ ní ìbàdí, ó ti gùn jù. Bí ó bá ń ge abẹ́ abíyá, ẹ gbẹ́ ihò apá sí i, díẹ̀díẹ̀, ìdámẹ́rin ínṣì lẹ́ẹ̀kan. Ìdánwò méjì ni mo sábà máa ń ṣe. Ẹni tó bá fò ó ń fi aṣọ ojú rẹ̀ ṣe ìdánwò nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: inú tó ń gbé e dúró

Ẹ gé kánfáàsì ní ìlọ́po méjì fún iwájú, ẹyọ kan fún ẹ̀yìn, láìfi àyè ìrán sí i. Ẹ gbé ìlọ́po méjèèjì ti iwájú lé ara wọn. Ẹ wá gbé wọn lé ọwọ́ òsì yín tí ẹ tẹ̀ bí ẹni fẹ́ bu omi, àmọ́ kí ẹ̀yìn ọwọ́ wà lókè, kí kánfáàsì lè tẹ̀ mọ́ ọn. Báyìí ni kí ẹ máa fi abẹ́rẹ́ gán ìlọ́po méjèèjì mọ́ra wọn ní ìdagẹ̀rẹ̀, ìdajì ínṣì sí ìdajì ínṣì, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi máa parí, kánfáàsì náà kò ní tẹ́ mọ́ lórí tábìlì. Ó ti mú ìtẹ̀ àyà. Òwú kéékèèké wọ̀nyẹn ló ń ṣe ohun tí à ń retí kí dáàtì ṣe.

Iṣẹ́ ọ̀sán kan gbáko ni, máṣíìnì kò sì lè bá yín ṣe é, torí pé títẹ́ ni máṣíìnì máa ń tẹ́ nǹkan. Mo máa ń tan rédíò.

Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ju 42 lọ lè fẹ́ egungun díẹ̀. Ẹ ra okùn oníke tí àwọn oníná fi ń di wáyà, èyí tó fẹ̀ dáadáa, ẹ gé orí rẹ̀ kúrò, ẹ fi iná rẹ etí rẹ̀ kí ó má bàa gún ara, ẹ sì há mẹ́rin sí mẹ́fà sínú ọ̀nà tóóró tí ẹ rán sí iwájú láàárín ìlọ́po kánfáàsì. Kí ó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá kó egungun kún un, ẹ ti kúrò ní Florence.

Ó kan bíbò. Ẹ gé aṣọ ojú kí ó fi ínṣì kan tóbi ju kánfáàsì lọ yí ká. Ẹ tẹ́ ẹ lé orí rẹ̀, ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ sí ẹ̀yìn, ẹ fi òwú gán an mọ́ kánfáàsì nìkan, kí abẹ́rẹ́ má yọ sójú. Ẹ ká láínìn wọnú, ẹ fi bo ẹ̀yìn, ẹ rán etí rẹ̀ mọ́ etí. Ègé méjèèjì, iwájú àti ẹ̀yìn, ti parí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ báyìí. Ọ̀já èjìká nìkan ló máa so wọ́n pọ̀. Ẹ fi òwú tí ẹ ti fi ìda ra wẹ́ etí wọn mọ́ra. Ọ̀nà yìí dùn mọ́ mi nítorí pé bí èjìká bá ga jù, òwú yẹn nìkan ni mo máa já.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ojú okùn

Ẹ má lọ ra ojú okùn onírin. Ó máa ń gé òwú aṣọ, lọ́jọ́ tí okùn bá fà á gidi ló máa já kúrò tòun ti aṣọ ìdí rẹ̀. Ìlu kì í gé òwú, ṣe ló máa ń sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ dá a lu, ẹ yí i títí ihò yóò fi gba okùn bàtà, kí ẹ sì fi òwú onípọn wẹ́ ẹ yí ká, abẹ́rẹ́ 16 sí 20. Bí ihò bá ń pa dé, ẹ tún fi ìlu là á láàárín iṣẹ́.

Ihò náà jìnnà sí etí ní nǹkan bí ìdajì ínṣì, ó sì jìnnà síra wọn ní ínṣì kan. Okùn wọn kì í ṣe iṣẹ́ X bíi ti bàtà. Okùn ẹyọ kan ló ń yí lọ sókè bí ejò tó ń gun igi. Nítorí èyí, ihò ọ̀tún kò gbọ́dọ̀ dojú kọ ti òsì. Ní etí ti iwájú, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìdajì ínṣì láti ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà 1½, 2½, 3½, bẹ́ẹ̀ lọ sókè. Ní etí ti ẹ̀yìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìdajì bákan náà, àmọ́ èyí tó tẹ̀ lé e wà ní 1, lẹ́yìn náà 2, 3, 4. Lókè pátápátá, kí ihò méjì tún dojú kọra. Bí ẹ bá dá wọn ní ọ̀kánkán jálẹ̀, tí ẹ wá fi okùn ẹyọ kan yí i, ẹ̀gbẹ́ kan gáùnù máa ga ju èkejì lọ, ẹ sì máa rò pé pátánì ni kò dára.

Ihò bíi 34 ni gbogbo rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọ̀kan ń gbà mí. Ẹ pín in sí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ojú á ro yín bí ẹ bá jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: síkẹ́ẹ̀tì

Ẹ gé ègé mẹ́ta nínú aṣọ ojú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ínṣì 45 gígùn, tó jẹ́ 42 ti ìbàdí sí ilẹ̀ àti 3 fún ìṣẹ́tí. Fífẹ̀ aṣọ náà jẹ́ 45, onígun mẹ́rin gidi ni wọ́n.

Èkíní ni iwájú. Ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà ní 45, kí òkè rẹ̀ jẹ́ 30, ẹ fa ìlà ìdagẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ gé e. Ẹ má da ègé ṣóńṣó méjì tó já sílẹ̀ nù, wọ́n máa wúlò fún apá.

Èkejì ni ẹ̀yìn. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀gbẹ́. Láti igun òkè lápá òsì, ẹ wọn ínṣì 5 lọ sí ọ̀tún, ẹ sàmì. Láti igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ wọn ínṣì 5 lọ sí òsì, ẹ sàmì. Ẹ fa ìlà láti àmì sí àmì, ẹ gé e. Ẹ yí ọ̀kan dorí kodò, ẹ máa rí ègé méjì tó jọra: òkè 5, ìsàlẹ̀ 40. Báyìí ni aṣọ kan ṣe ń di ẹ̀gbẹ́ méjì láìsí ìyókù. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: bí aṣọ yín bá ní ọnà tó ní òkè àti ìsàlẹ̀, tàbí tó jẹ́ àrán, ẹ kò lè yí i dorí kodò. Òdòdó máa wolẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, àrán á sì dà bí ẹni pé àwọ̀ méjì ni ẹ rà. Ẹ ra yáàdì kan àti ààbọ̀ sí i, kí ẹ gé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Ẹ rán ẹ̀gbẹ́ mọ́ iwájú, etí tó tọ́ ti ẹ̀gbẹ́ ni kí ó pàdé iwájú, kí etí ìdagẹ̀rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn. Ẹ wá rán ẹ̀yìn mọ́ ọn, àmọ́ ẹ fi ínṣì 9 sílẹ̀ láìrán lókè ní ìránpọ̀ méjèèjì ti ẹ̀yìn. Àyè yẹn ni ara máa gbà wọlé, abẹ́ okùn gan-an ló sì bọ́ sí.

Ní òkè, iwájú àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ́ ínṣì 40, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wọ inú 20. Ẹ fi ínṣì 10 àárín sílẹ̀ kí ó tẹ́. Ẹ fi 15 tó kù ní ọ̀tún ṣe pílíìtì pẹrẹsẹ sínú ínṣì 5, kí gbogbo wọn kọjú sí ẹ̀yìn, kí ẹ sì ṣe ti òsì bákan náà. Ẹ̀yìn yàtọ̀. Ínṣì 45 ló gbọ́dọ̀ wọ inú 10, pílíìtì pẹrẹsẹ kò lè gbà á. Ẹ ṣẹ́ òkè rẹ̀ wálẹ̀ ní ínṣì 2, ẹ fi ègé bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tàbí fẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ há àárín kí ó lè wú. Ẹ mú òwú tó le tí ẹ fi ìda ra, ẹ fi gán an ní ìlà méjì, ìdajì ínṣì ni abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ìlà kejì dọ́gba pẹ̀lú èkíní ní ọ̀kánkán. Ẹ fa òwú méjèèjì pọ̀. Aṣọ máa dìde dúró ní ìlà bí ọ̀já ìlù gángan, nǹkan bíi pílíìtì 45, tí orí wọn yọ sókè. Ẹ gbé orí wọn kan etí òkè gáùnù, kí ẹ sì fi òwú méjì méjì wẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Máṣíìnì kò lè ṣe èyí. Àmọ́ òun ló ń jẹ́ kí síkẹ́ẹ̀tì ta sẹ́yìn láìní agbọ̀n lábẹ́.

Ẹ gbé e kọ́ láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì kí ẹ tó ṣẹ́tí rẹ̀. Etí ìdagẹ̀rẹ̀ máa na. Mo ti rí èyí tó fi ínṣì méjì gùn lóru ọjọ́ kan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìṣẹ́tí àti ọ̀já àrán

Kí ẹni náà wọ ṣìmí, gáùnù àti bàtà tó máa lò, kí ó dúró, kí ẹlòmíì wọn ìsàlẹ̀ láti ilẹ̀ sókè pẹ̀lú rúlà. Ẹ fi ọ̀já bùláńkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ ní ínṣì 3 sínú ìṣẹ́tí kí ẹ tó ká a. Ó ń mú un wúwo, ẹsẹ̀ kò sì ní máa kó sínú aṣọ.

Ẹ gé àrán ní ọ̀já ínṣì 2½, tí yóò ku ínṣì 2 bí ẹ bá ká etí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ gba nǹkan bí ínṣì 170, iwájú gba ìlà méjì láti ọrùn dé ilẹ̀, ọrùn náà sì gba tirẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ra àrán kí ẹ tó gé e, kí ẹ mọ ibi tí irun rẹ̀ kọjú sí, kí gbogbo ọ̀já tó wà ní ìlà kan kọjú sí ibì kan náà. Kí áyọ́ọ̀nù má kan ojú rẹ̀ láé. Ẹ dojú rẹ̀ dé lórí táwẹ́lì, kí ẹ fi ooru nìkan kàn án lẹ́yìn.

Wúrà àti péálì? Ẹ fi díẹ̀ sí ọrùn. Iwájú àyà ni ojú ń wò, ìsàlẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì ni ẹrẹ̀ ń wò.

Ìgbésẹ̀ keje: apá

Apá kò lẹ̀ mọ́ gáùnù. Rííbọ̀nù ni wọ́n fi ń so ó mọ́ èjìká, obìnrin tó bá ní gáùnù kan àti apá mẹ́ta, aṣọ mẹ́ta ló ní yẹn. Ẹ gé e ní 18 lókè, 10 lọ́rùn ọwọ́, 24 gígùn. Ẹ pín in sí méjì ní gígùn, ẹ fi láínìn bò wọ́n, kí ẹ sì fi rííbọ̀nù so ègé méjèèjì pọ̀ ní ibi mẹ́rin láti èjìká dé ọwọ́. Láàárín ìdè kan sí èkejì, ẹ fa ṣìmí jáde kí ó wú. Ohun tí Bronzino yà gan-an nìyẹn. Ẹ dá ihò mẹ́fà mẹ́fà lu ní ihò apá kọ̀ọ̀kan, méjì méjì, kí àwọn ihò apá dojú kọ wọ́n. Bí rííbọ̀nù bá ń ṣòro fà kọjá, ẹ gé etí okùn bàtà àtijọ́, ẹ fi lẹ orí rẹ̀.

Wíwọ̀ àti ìtọ́jú

Ṣìmí lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́yìn náà pẹ́tíkòtì kan bí ẹ bá ní in, kí gáùnù tó gba orí wọlé. Ẹlòmíì ló máa so yín. Ọwọ́ ẹni kò dé ẹ̀yìn ara ẹni. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ sókè, kí ó so ọ̀tún dé ìdajì, kí ó so òsì dé ìdajì, kí ó tó parí wọn. Bí ó bá so ẹ̀gbẹ́ kan parí kí ó tó kan èkejì, iwájú máa yí. Ẹ jókòó, ẹ jẹun díẹ̀, ẹ mí kanlẹ̀. Bí mímí bá nira, òkè ìbàdí ni kí ẹ dẹ̀, kì í ṣe àyà.

Bí ẹ bá bọ́ ọ, ẹ fa okùn jáde pátápátá, ẹ yí inú òkè gáùnù síta kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́, ẹ sì fọ ṣìmí lọ́jọ́ náà. Ẹ má gbé e kọ́ hángà. Ọ̀já èjìká ínṣì kan àbọ̀ kò lè gbé síkẹ́ẹ̀tì yẹn di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ gbalaja sínú àpótí, ẹ fi aṣọ òwú funfun sí ibi tí àrán bá ti kan àrán, kí ẹ sì fi pílíìtì ẹ̀yìn sí òkè, níbi tí nǹkan kan kò ti ní tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.